Alága Tó Pàṣẹ Pé Ilẹ̀ Kò Gbọdọ̀ Mì

Kí ilẹ̀ tó kọ́ Alága Àjọ Omi lọ́gbọ́n, kò sí ẹni tó rí i kí ó tẹ̀ rí. Ẹ̀yìn rẹ̀ kì í tẹ̀, ọrùn rẹ̀ kì í yí, orúnkún rẹ̀ kì í sì ká àfi tó bá fẹ́ jókòó, ìyẹn náà á sì gba àkókò. Bí okùn bàtà rẹ̀ bá tú, ẹlòmíràn ló ń bẹ̀rẹ̀ so ó. Bí bírò rẹ̀ bá bọ́ sílẹ̀, bírò mìíràn ni wọ́n ń gbé fún un, nítorí ohun tó bá ti délẹ̀ kò kan Alága mọ́. Ṣánṣán ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń pè é lẹ́yìn. Ọjọ́ tó gbọ́ orúkọ náà, gbogbo wọn rò pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn nìyẹn, ṣùgbọ́n ńṣe ló ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn òun.

Tó bá dé ọ́fíìsì láàárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á ti tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Akọ̀wé Àgbà, ọkùnrin kúkurú kan tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ láti máa gbà pẹ̀lú Alága kí Alága tó sọ̀rọ̀ tán, ni yóò ké pé, "Ẹ tọ́ o!" Gbogbo wọn á sì dáhùn pé, "A tọ́ ṣánṣán!" Ẹni tí ẹ̀yìn bá ń dùn lọ́jọ́ náà, ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ni yóò gbà wọlé, kó má bàa ba ọjọ́ jẹ́ fún ọ̀gá.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà ní kọ̀rọ̀ kan tẹ́lẹ̀ kí ènìyàn tó dé yàrá Alága. Ojú rẹ̀ kò gba kọ̀rọ̀ yìí. Ó ní kí wọ́n wó ògiri, kí ọ̀nà lè tọ́ láti ẹnu géètì títí dé ìdí àga òun. Ọ̀nà náà tọ́ lóòótọ́. Ó la yàrá tí wọ́n ti ń po tíì já, ó sì la ilé ìyàgbẹ́ àwọn akọ̀wé já. Tí Alága bá ń kọjá lọ láàárọ̀, ẹni tó bá wà nínú ibẹ̀ á dìde tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú, á fi ọwọ́ kejì kí ọ̀gá, á ní òun tọ́ ṣánṣán. Ẹ fi ọ̀nà yìí sọ́kàn, nítorí Alága nìkan kọ́ ni yóò gba ibẹ̀ kọjá.

Inú ọkọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Tí wọ́n bá dé ibi tí ọkọ̀ ti gbọ́dọ̀ yà, awakọ̀ á kọ́kọ́ tọrọ gáfárà. Á ní, "Ẹ má bínú sà, títì ló yà, kì í ṣe àwa."

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ibi tí gbogbo èyí ti wá, ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Nígbà tí Alága wà ní kékeré, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ bí ọrun, àwọn ọmọ àdúgbò sì máa ń gbá bọ́ọ̀lù gba àárín rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló ń gun òkè lọ pọnmi, tó ń gbé e kaná, tó ń fi aṣọ gbígbóná fà á lẹ́sẹ̀ láràárọ̀ àti lálaalẹ́ títí ẹsẹ̀ náà fi nà. Ẹsẹ̀ nà, ó dáa. Ṣùgbọ́n ọmọ náà gbàgbé láti sinmi nínà.

Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni Ẹ̀gbọ́n ń ṣe. Ó ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ àwọn dókítà fún ọsibítù, ní àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Òdìkejì, ní ẹsẹ̀ òkè, níbi tí omi ẹ̀rọ kò tíì dé rí. Adágún ńlá wà lórí òkè náà, kẹ́ẹ̀gì ni àwọn ará Òdìkejì sì fi ń gbé omi rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ di Alága, tààrà ló wá bá a níbi tó ti ń sá aṣọ.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, omi tí ẹ pọn nítorí ẹsẹ̀ mi, èmi náà á pọn ọ́n padà fún yín. Ẹ ò ní gun òkè yẹn mọ́. Ẹ̀rọ omi á wà lágbàlá yín."

Ẹ̀gbọ́n gbé ìdí kẹ́ẹ̀gì kan jókòó. Ó ní, "Má wulẹ̀ pariwo ẹ̀. Ṣáà jẹ́ kó dé. Ìbàdí mi ti ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́."

Ó gbà á gbọ́ pátápátá. Ó pe ẹni tó ń ṣe páìpù, ó ní kó ri ẹnu ẹ̀rọ mọ́ ògiri àgbàlá, nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ọpọ́n ìfọṣọ máa ń wà. Ẹ̀rọ náà gbẹ fúrúfúrú. Ó ń fi aṣọ ìnura kọ́ sórí rẹ̀, ó ń dúró de omi.

Ohun tó wà láàárín adágún àti ẹ̀rọ yìí ni ìtàn wa dá lé. Ní àárín gbùngbùn òkè náà, ilẹ̀ méjì fẹ̀gbẹ́ ti ara wọn. Àwọn ará Òdìkejì ń pe ibẹ̀ ní Oríkèé, torí pé bí oríkèé ara ló rí, ó máa ń yẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ apá òkè ń fẹ́ lọ sọ́tùn-ún, ti apá ìsàlẹ̀ ń fẹ́ lọ sósì, wọ́n wá há mọ́ ara wọn, wọ́n ń ti ara wọn lábẹ́lẹ̀ láìpariwo. Ọjọ́ tí wọ́n bá já gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ìmìtìtì ilẹ̀ á ṣẹlẹ̀, ohunkóhun tó bá sì wà lórí Oríkèé, apá kan rẹ̀ á kúrò níwájú apá kejì. Odi òkúta kan wà níbẹ̀ tó ti rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó mọ ọ́n mọ ọ́n tààrà, ṣùgbọ́n nísinsìnyí ìdajì rẹ̀ ti sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, bíi pé odi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Nígbà tí Alága kọ́kọ́ rí odi yìí, ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ wó o kíákíá nítorí ìwà ìbàjẹ́.

Ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ páìpù lé lọ́wọ́ ni Ẹnjiníà, obìnrin gíga kan tó fẹ́ràn bàtà pupa, tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ yàrá. Ó ti ri páìpù ní oríṣiríṣi ilẹ̀, kò sì sí ẹni tó bá a pàdé tí kò gbọ́ nípa rẹ̀. Ó ya àwòrán iṣẹ́ náà, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì níwájú Alága àti gbogbo ìgbìmọ̀. Páìpù wá láti adágún, ó tọ́ dáadáa. Bó ṣe sún mọ́ Oríkèé, ó tẹ̀, ó dábùú ibẹ̀ kọjá ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́, ó tún tẹ̀ lápá kejì, ó wá ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ sí Òdìkejì.

Alága wo àwòrán náà láìtẹ ọrùn, èyí tó fi jẹ́ pé wọ́n ní láti gbé e sókè sí i lójú.

"Kí nìyí?"

"Páìpù ni, sà."

"Kí ló dé tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ọ̀mùtí?"

Ẹnjiníà ní, "Ilẹ̀ máa ń ṣí nípò níbẹ̀, sà. Páìpù gbọ́dọ̀ rí ibi ṣí sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká má rì í jìn. Kòtò tó fẹ̀, yanrìn tó rọ̀, kò sí kọnkéré kankan nítòsí. Ẹ wò ó báyìí, tẹ́ ẹ bá bora sùn, tí aṣọ yẹn kàn wà lára yín wẹ́rẹ́, ẹ lè yí ẹ̀gbẹ́ padà. Tí wọ́n bá rán aṣọ yẹn mọ́ bẹ́ẹ̀dì yíká, tẹ́ ẹ wá fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà, aṣọ á ya."

"Èmi kì í yí ẹ̀gbẹ́ padà tí mo bá ń sùn."

"Alága kì í yí ẹ̀gbẹ́ padà," ni Akọ̀wé Àgbà wí, kò sì sẹ́ni tó bi í bó ṣe mọ̀.

Ẹnjiníà kò bá wọn jà. Ó fa tábìlì méjì wá, ó tì wọ́n mọ́ ara wọn. Ó tọrọ rúlà Alága, ìyẹn rúlà onígi dúdú tí Alága máa ń mú kiri bí ọ̀pá àṣẹ, ó gbé e dábùú orí tábìlì méjèèjì. Ó ní kí Akọ̀wé Àgbà fi gbogbo agbára tẹ orí kan mọ́ tábìlì tirẹ̀, òun náà tẹ orí kejì mọ́ èyí tó wà níwájú òun. Lẹ́yìn náà ló fi ìdí ti tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Rúlà dún kàà, ó sì kán sí méjì. Ó wá bọ́ síkáàfù ọrùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ wọ́rọ́wọ́rọ́ sórí tábìlì méjèèjì, ó tún fi ìdí tì í. Síkáàfù bá tábìlì lọ, ó dúró, kò sí nǹkan tó ṣe é.

Ẹ̀yin náà rí i pé ẹ̀kọ́ ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ti kan ilẹ̀kùn, ó ń nu ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Alága wo rúlà rẹ̀ tó kán, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ta ló gba tábìlì yìí láyè kó máa rìn?"

"Tábìlì ló jẹ̀bi, sà," ni Akọ̀wé Àgbà wí.

"Ẹ kàn án mọ́lẹ̀."

Wọ́n kan gbogbo tábìlì ilé-iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, títí kan èyí tí wọ́n ń gbé tíì lé. Kò wá sẹ́ni tó lè ti tábìlì síwájú mọ́, nítorí náà ẹni tó bá sanra, ìnàró ló ti ń kọ̀wé. Alága gba rúlà tuntun. Ó gbé e lé àwòrán Ẹnjiníà, ó fa ìlà kan láti adágún dé Òdìkejì, ìlà tó gún gbọọrọ tí kò wo ọ̀tún tàbí òsì. Ó ní páìpù náà gbọ́dọ̀ jìn nínú ilẹ̀ bí ó ṣe yẹ fún ohun tó níyì, kí wọ́n sì fi kọnkéré bò ó yíká, nípọn, kí ó má lè gbápá gbẹ́sẹ̀. Ó ní kí wọ́n sì la títì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láti Oríkèé tààrà sí ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ Àjọ tó wà ní Òdìkejì, kí Mínísítà tó ń bọ̀ wá ṣí omi náà lè rí bí ohun gbogbo ṣe tọ́. Ó wá dìde láti sọ̀rọ̀.

"Láti òní lọ, mo pàṣẹ, mo sì tún fi àṣẹ lé àṣẹ náà lórí, pé ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àkóso Àjọ yìí, ì báà jẹ́ ti òkè, ì báà jẹ́ ti ìsàlẹ̀, ì báà jẹ́ èyí tó sá pamọ́ sáàárín, kò gbọdọ̀ mì. Kò gbọdọ̀ yẹ̀. Kò gbọdọ̀ rò ó lọ́kàn pé òun á yẹ̀. Ilẹ̀ tó bá sì tàpá sí èyí, èmi àti òun la jọ ń wo ara wa."

Àtẹ́wọ́ ya. Akọ̀wé Àgbà nu omijé ojú. Ó bèèrè bóyá kí wọ́n fún ilẹ̀ ní àsìkò díẹ̀ láti jáwọ́. Alága ṣàánú, ó ní kí ilẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ náà tán.

Wọ́n gbé pátákó gígùn kan lọ sí Oríkèé. Òpó kan wà ní apá òkè, òpó kejì ní apá ìsàlẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sáàárín gàdàgbà gàdàgbà pé, ILẸ̀ KÒ GBỌDỌ̀ MÌ. Akọ̀wé Àgbà kà á sókè lẹ́ẹ̀kan kí ilẹ̀ má bàa sọ pé òun ò mọ̀wé.

Ẹnjiníà fẹ́ kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ti gbé ọ̀rọ̀ náà délé, ó ti bọ́ bàtà sọ nù, kó tó rántí àwọn ará Òdìkejì tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì. Ó padà wá, ó ní ó kéré tán, kí wọ́n jẹ́ kí òun fi ìdènà omi sí apá òkè Oríkèé, kí wọ́n lè ti omi pa tí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀. Alága ní kò sóhun tó máa ṣẹlẹ̀, òun ti pàṣẹ. Ẹnjiníà ronú díẹ̀.

"Mo fẹ́ pè é ní Aṣọ́bodè Alága, sà. Á dúró ṣánṣán lórí òkè níbẹ̀, lójú gbogbo ayé."

"Ẹ ri méjì," ni Alága wí.

Wọ́n ri ọ̀kan sókè Oríkèé, wọ́n ri ìkejì sí ẹnu géètì ilé-iṣẹ́. Irin rìbìtì kan bíi sítíárìn ọkọ̀ ni wọ́n fi ń yí wọn. Alága ní irin náà kò gbọdọ̀ ju ẹyọ kan lọ, kí àwọn ènìyàn má bàa rò pé agbára wà níbi méjì. Ó ní kí wọ́n kùn ún ní àwọ̀ wúrà, kí wọ́n gbé e lé tìmùtìmù nínú ọ́fíìsì òun de ọjọ́ ìṣílẹ̀, torí pé Mínísítà ló máa fi ṣí omi. Ìròyìn sì ti ń lọ lábẹ́lẹ̀ pé Mínísítà ń wá ẹni tó máa fi ṣe igbákejì.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìṣílẹ̀, Alága lọ kí Ẹ̀gbọ́n. Ó bá a níbi tó ti ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ó dúró sáàárín àgbàlá, nítorí gbogbo àga ibẹ̀ ló kúrú.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Wọ́n ní o pàṣẹ fún ilẹ̀."

"Mo pàṣẹ fún un."

"Ó dá ọ lóhùn?"

"Kò fọhùn, Ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti gbà nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n ká aṣọ kan tán kó tó sọ̀rọ̀. "Àbúrò, mi ò bá ọ du iyì. Jẹun kó o yó iyì. Ṣùgbọ́n omi yẹn ni mò ń dúró dè. Àwọn ọsibítù ti ní táṣọ bá tún pẹ́, àwọn á gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Ìbàdí yìí ò lè gun òkè yẹn mọ́, ó ti tán. Tí omi ò bá dé, mi ò mọ ohun tí mo máa ṣe."

Alága wo ẹnu ẹ̀rọ tó gbẹ, ó wo aṣọ ìnura tó wà lórí rẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, ó rántí bí rúlà ṣe dún nígbà tó kán. Ẹ̀rù bà á, ká má purọ́. Ṣùgbọ́n awakọ̀ fọn fèrè lẹ́nu géètì, ó sì rántí pé òun ni Alága.

"Á dé," ni ó wí, ó sì jáde láìyí ọrùn.

Ọjọ́ ìṣílẹ̀ dé. Wọ́n ta kánópì sí ẹnu géètì, wọ́n ti jẹ́ kí omi kún inú páìpù láti adágún wá títí dé ìdènà ìsàlẹ̀, kí ó lè tú jáde pẹ̀lú agbára ní gbàrà tí Mínísítà bá ti fọwọ́ kàn án. Gbogbo Òdìkejì wá pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ̀gbọ́n wà láàárín wọn, ó wọ aṣọ tó dáa jù tó ní. Mínísítà jókòó, ó sanra, ó ń làágùn. Irin oníwúrà wà lórí tìmùtìmù níwájú rẹ̀. Ẹnjiníà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wo òkè, ó ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òkè yẹn ni irin yẹn yẹ kó wà.

Alága gba gbohùngbohùn.

"Mínísítà wa ọ̀wọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ga tí ẹ fẹ̀! Omi tí ẹ ò tíì rí yìí, èmi ti rí i. Nígbà tí àwọn kan ní kó yà sọ́tùn-ún, mo kọ̀. Nígbà tí wọ́n ní kó tẹ̀ díẹ̀, mo ní láéláé. Àwọn tó ṣáájú mi lórí àga yìí bẹ̀rù ilẹ̀. Èmi, mo bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin, ilẹ̀ sì mọ̀ pé..."

Ibẹ̀ ló wà tí ilẹ̀ fi mì.

Kò pẹ́ rárá. Ó dà bí ìgbà tí Ẹ̀gbọ́n bá gbọn aṣọ bẹ́ẹ̀dì kó tó sá a, ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kejì, ó tán. Àwọn àga ṣubú, kẹ́ẹ̀gì ń yí kiri, kánópì sì rọra wó lé Akọ̀wé Àgbà lórí. Kò sẹ́ni tó fara pa. Gbogbo ojú wá padà sọ́dọ̀ Alága, tí ó ṣì di gbohùngbohùn mú.

"Kò mì," ni Alága wí.

"Kò mì rárá, sà," ni ohùn kan wí láti abẹ́ kánópì.

Ìgbà náà ni nǹkan bú gbàmù lórí òkè. Páìpù tí wọ́n fi kọnkéré dì mọ́lẹ̀ kò rí ibi ṣí sí, ó ti já lójú Oríkèé, omi adágún sì ń yọ sókè níbẹ̀ bí èéfín funfun. Omi wá ń wá ọ̀nà ìsàlẹ̀. Ọ̀nà wo ló tún rí ju títì Alága lọ, tó gún gbọọrọ láti Oríkèé dé ẹnu géètì? Ó gbà á. Ó wọ géètì láìyà síbì kan, ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó la yàrá tíì já, ó la ilé ìyàgbẹ́ já, ó kó ohun tó bá níbẹ̀ dání, ó sì lọ tààrà bá àga Alága nídìí tábìlì. Nínú gbogbo ohun tí ọkùnrin yìí ti pàṣẹ fún láyé, omi yìí ló kọ́kọ́ gbọ́ràn sí i lẹ́nu dáadáa. Láìpẹ́, àga ọ̀hún gba ojú fèrèsé jáde, ó léfòó kọjá lọ níwájú àwọn èèyàn, ó dúró ṣánṣán.

Mínísítà ti gun orí ọkọ̀ rẹ̀. Ẹnjiníà ń pariwo pé, "Ẹ gbé irin wá! Adágún ń dà nù! Tí a ò bá ti ìdènà òkè, kò ní ku ẹ̀kán omi kan fún Òdìkejì!" Àwọn òṣìṣẹ́ tó tọ́ ṣánṣán láràárọ̀ ti tẹ̀, wọ́n ti ká, wọ́n ti sá.

Alága wo àárín omi. Ẹ̀gbọ́n dúró níbẹ̀, omi dé e lórúnkún. Omi tó ti ń dúró dè láti ìgbà èwe rẹ̀ ń gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó pupa, ó ń pariwo, kò sì ṣeé bù. Kò bínú. Ó kàn yíjú wo àbúrò rẹ̀.

"Omi ti dé nìyẹn, Àbúrò."

Kò sí èébú tó dun ọkùnrin yìí tó bẹ́ẹ̀ rí. Ojú tì í gan-an, ojú tì í dé ibi ẹsẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ gbígbóná fà. Ó sọ gbohùngbohùn sílẹ̀, ó gbá irin mú lórí tìmùtìmù, ó sì kọrí sójú títì. Omi gbé e ṣubú. Ó dìde, ó nà ṣánṣán, ó tún kọjú sí i, omi tún gbé e ṣubú.

"Kì í ṣe ibẹ̀," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Ọ̀nà tí mò ń gbà pọnmi ni kó o gbà. Tẹ̀ lé mi."

Ọ̀nà apọnmi náà yí po òkè, ó lọ sọ́tùn-ún, ó padà sósì, ó gba abẹ́ igi, ó gba àárín àpáta. Ẹ̀gbọ́n ṣáájú, ó di ìbàdí mú. Ẹnjiníà tẹ̀ lé e, ó di bàtà pupa mú. Alága wà lẹ́yìn, ó fi irin kọ́rùn, ó ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, ó ń yà níbi tí wọ́n bá yà. Nígbà tí wọ́n dé abẹ́ ẹ̀gún kan, ó fi ọwọ́ àti orúnkún rìn, okùn bàtà rẹ̀ sì tú, òun fúnra rẹ̀ ló so ó. Wọ́n dé ìdí ìdènà. Wọ́n fi irin náà sí i, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n yí i, wọ́n yí i, títí ariwo omi fi rọlẹ̀, tó sì dákẹ́. Adágún ti fà, ṣùgbọ́n kò gbẹ.

Wọ́n wá rí Oríkèé. Kọnkéré nípọnnípọn náà ti kán bíi ṣọ́ọ̀kì. Ẹnu páìpù méjèèjì ti kúrò níwájú ara wọn, wọ́n ń wo ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bí tọkọtaya tó ń bínú. Pátákó náà ti ya láàárín. Òpó òkè di ILẸ̀ KÒ mú, òpó ìsàlẹ̀ di GBỌDỌ̀ MÌ mú, ẹni tó bá sì ń bọ̀ láti Òdìkejì, èyí ìkẹyìn yìí ló máa kọ́kọ́ kà.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Mínísítà tó gòkè dé, ó ti rin gbingbin. Ó na ọwọ́ sí páìpù tó já. "Ta ló ní kí èyí gba ibí tààrà?"

"Rúlà ni, sà," ni Akọ̀wé Àgbà wí. Ẹ̀yìn Mínísítà ló dúró sí báyìí, kánópì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ díẹ̀.

"Èmi ni," ni Alága wí. "Ẹnjiníà sọ fún mi. Ó fi hàn mí. Mi ò gbà."

Mínísítà ní kó má padà dé ọ́fíìsì náà mọ́, Akọ̀wé Àgbà sì ti ń gbà pẹ̀lú Mínísítà kó tó sọ̀rọ̀ tán. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ha orúkọ Ṣánṣán kúrò lára ilẹ̀kùn.

Ibo ni ó fẹ́ lọ? Ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n ló lọ. Ẹ̀gbọ́n gbé áyọ́ọ̀nù lé e lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, kò sí ọsibítù tí ìlà ṣòkòtò àwọn dókítà rẹ̀ tọ́ bíi ti èyí tí wọ́n ń fọṣọ fún. Títí wọ́n fi rí páìpù náà tún ṣe, òun ló ń gun òkè lọ pọnmi, ó ń gba ọ̀nà yíyípo, kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ ọ̀tún, kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ òsì. Lójú ọ̀nà, ó máa ń dúró wo Ẹnjiníà àti àwọn ènìyàn rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń da yanrìn rírọ̀ sínú kòtò fífẹ̀. Páìpù tuntun ń tẹ̀ lọ, ó ń tẹ̀ bọ̀. Ìgbà kan ló bèèrè bóyá yanrìn náà tó.

Omi dé Òdìkejì ní òwúrọ̀ kan. Ẹnu ẹ̀rọ àgbàlá wúkọ́, ó tutọ́ ìpẹtà, ó wá ń dà, ó mọ́ gaara. Ẹ̀gbọ́n mú aṣọ ìnura kúrò lórí rẹ̀. Ó dúró, ó ń wò ó, ó fi aṣọ náà bo ojú fún ìgbà díẹ̀.

"Gbé ọpọ́n sí i," ni ó wí.

Ẹ̀rọ náà wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ ṣì rántí. Ọkùnrin tí kì í tẹ̀ tẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ọpọ́n mú lábẹ́ omi. Bó ṣe wà níbẹ̀ ni ilẹ̀ tún mì, kì í ṣe púpọ̀, bí ìgbà tí ọkọ̀ ńlá bá ń kọjá lójú títì. Aṣọ gbọ̀n lórí okùn. Àwọn méjèèjì di ògiri mú, ojú wọn wà lára ẹnu ẹ̀rọ.

Omi náà mì díẹ̀ bó ṣe ń dà. Ó ń dà lọ.

"Ó ti kún," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Gbé òmíràn sí i."